Bí Abọ́ Ọ̀sán Ṣe Dé Ilé Ẹ̀kọ́ Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Ní Òṣogbo

Kí ìjọba tó dá sí i rárá ni wọ́n ti ń bọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní Òṣogbo. Ìyá ìbejì a se ẹ̀wà, a da epo sí i, a ké sí àwọn ọmọ àdúgbò kí wọ́n wá jẹ. Ẹni tó lá àlá tí kò yé e a fi àkàrà ṣe sàárà. Lóṣù ààwẹ̀, ọmọ tí ebi ń pa mọ ilé tó yẹ kó yà sí nígbà ìṣínu. Kò sẹ́ni tó ń kọ orúkọ ọmọ kankan sílẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń bèèrè iye tí bàbá rẹ̀ ń rí. Àléébù kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: oúnjẹ náà kò lọ́jọ́. Ọmọ lè yó lónìí, kó má sì rí irú ẹ̀ mọ́ títí oṣù á fi parí.

Ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1955 ni ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn, lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Owó ilé ìwé kúrò lọ́rùn òbí, owó oúnjẹ kò kúrò. Ọmọ a gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ láàárọ̀, a fi ra ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín lọ́wọ́ ìyá olóúnjẹ tó pàtẹ sábẹ́ igi nínú ọgbà. Èyí tí kò rí gbà a máa wo ẹnu àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀. Olùkọ́ tó bá ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ mọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀: kó tó di aago méjìlá ó ti gbé orí lé tábìlì, òun náà sì ni kì í wá lọ́jọ́ tí ìyá rẹ̀ bá nílò ẹni tí yóò gbé igbá lọ sí Ìgbọ̀nà tàbí Ọjà Ọba. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ kò ní ìdáhùn sí èyí, nítorí ọmọ tó ń kiri ọjà ń mú owó wálé, èyí tó lọ sílé ìwé ń ná an.

Àádọ́ta ọdún gbáko kọjá kí ìdáhùn tó dé. Lọ́dún 2005, ìjọba àpapọ̀ lábẹ́ Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ mú ìpínlẹ̀ méjìlá pẹ̀lú Àbújá láti fi dán oúnjẹ ilé ìwé wò: kí wọ́n máa se oúnjẹ ọ̀sán fún àwọn ọmọ kéékèèké, kí wọ́n sì ra èlò rẹ̀ lọ́wọ́ àgbẹ̀ tó wà nítòsí. Ọ̀ṣun wà lára wọn, ó sì bẹ̀rẹ̀ tiẹ̀ lọ́dún 2006, nígbà Gómìnà Ọláguńsóyè Oyinlọlá. Láàárín ọdún mélòó kan, owó Àbújá dáwọ́ dúró, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìpínlẹ̀ yòókù sì da ìkòkò dé. Ọ̀ṣun kò dà á dé. Nígbà tí Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá di gómìnà ní ìparí ọdún 2010, ohun tó bá nílẹ̀ ló mú gbòòrò. Ọjọ́ 30 oṣù kẹrin ọdún 2012 ni wọ́n sì ṣí i lákọ̀tun, tí wọ́n pè é ní O-MEALS. Àwọn kan ń sọ pé ọdún yẹn ló bẹ̀rẹ̀. Orúkọ ló bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yẹn.

Ohun tó jẹ́ kó lè dúró kò ju bí owó ṣe ń rìn lọ. Dípò kí wọ́n gbé iṣẹ́ fún kọngílá ńlá kan tí yóò máa fi ọkọ̀ kó oúnjẹ káàkiri ìlú, obìnrin àdúgbò ni wọ́n mú. Wọ́n yẹ ìlera rẹ̀ wò, wọ́n ní kó ṣí àkáǹtì ní báńkì, owó sì ń wọ ibẹ̀ tààrà. Nígbà náà, àwọn alásè lé ní 3,000 jákèjádò ìpínlẹ̀, àwọn ọmọ lé ní 250,000, láti kíláàsì kìíní dé ìkẹrin. 50 náírà ni owó abọ́ kan nígbà yẹn. Ẹ pín in, alásè kan ń bọ́ bí ọgọ́rin ọmọ. Ìyẹn jẹ́ 4,000 náírà lóòjọ́, 20,000 lọ́sẹ̀. Owó náà kéré fún ẹni tó fẹ́ jí i kó, ó sì tó fún ẹni tó mọ ọjà ná. Yàtọ̀ sí ìyẹn, bí ọbẹ̀ bá kan, gbogbo ìyá tó wà ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun ló mọ ilẹ̀kùn tí wọn yóò kàn.

Oúnjẹ ọgọ́rin ọmọ kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fojú wọ̀n. Ìrẹsì tí a kò tíì sè, gíráàmù 75, tó fún ọmọ kékeré kan. Ọgọ́rin ọmọ á jẹ kílò mẹ́fà, èyí tó jẹ́ kóńgò mẹ́rin, nítorí kóńgò kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílò kan ààbọ̀. Alásè tó bá fi ìgbakọ bù ú bí ọwọ́ ṣe tò ó yóò rí i pé ìrẹsì tán nígbà tó ku ọmọ mẹ́wàá, pàápàá bó bá ti ń bu púpọ̀ fún àwọn tó kọ́kọ́ tò. Kọ́ọ̀pù kan náà ni kó fi wọn abọ́ gbogbo. Ọbẹ̀ á wà nínú kúlà tiẹ̀, kò gbọdọ̀ bá ìrẹsì pàdé kó tó dénú abọ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ gbogbo ẹ̀ á ti dà pọ̀ kí ọ̀kadà tó gbà á kọjá gegele mẹ́ta. Ìrẹsì tí wọ́n sè mọ́jú, tí wọ́n dé pa nígbà tó ṣì ń gbóná, ti ń rùn kó tó di ọ̀sán. Nítorí náà, aago márùn-ún ìdájí ni wọ́n ń dáná.

Ẹ̀wà kò fa wàhálà, yàtọ̀ sí òkúta inú rẹ̀ àti igi ìdáná tó ń jẹ. Kókò ló ń dán alásè wò. Wọ́n fi í kún oúnjẹ ilé ìwé ní Ọ̀ṣun nítorí pé àwọn àgbẹ̀ ibí ń gbìn ín, a sì máa dínwó ju iṣu lọ. Ṣùgbọ́n kókò tí kò jinná dénú a máa yún ọ̀fun, ọmọ tí ọ̀fun ti yún lẹ́ẹ̀kan kò ní fẹnu kàn án mọ́. Wọ́n gbọ́dọ̀ bó èèpo rẹ̀ kí ó nípọn, kí wọ́n sè é títí yóò fi rọ̀ pátápátá kí epo àti ẹ̀fọ́ tó wọ inú rẹ̀. Èso náà wà níbẹ̀: ọsàn, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, ìbẹ́pẹ.

Ẹyin ni òṣùwọ̀n. Odindi ni ọmọ yẹ kó jẹ. Nígbà tí kíréètì ṣì jẹ́ 600 náírà, ẹyin kan di 20, 30 ló ṣẹ́ kù nínú 50 fún ẹ̀wà, epo, iyọ̀, igi àti owó ọ̀kadà. Bí ọjà bá wọ́n, ẹyin di ìlàjì. Òwú tín-ín-rín ni wọ́n fi ń gé e, nítorí ọ̀bẹ a máa fọ́ inú pupa rẹ̀, ẹyọ kan á wá tóbi ju èkejì lọ, ìjà á sì bẹ̀rẹ̀.

Oògùn aràn bá oúnjẹ náà rìn, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí aràn wà níkùn rẹ̀ ń jẹ fún ẹni méjì. Hóró albendazole kan, 400 mílígíráàmù, ni wọ́n ń fún ọmọ iléèwé lẹ́ẹ̀kan náà.

Ibi tó ti kọ́kọ́ bà jẹ́ ni ibi tó ti yege. Gbàrà tí oúnjẹ bẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọ tó ń kiri padà wá, àwọn kan tilẹ̀ kúrò ní ilé ìwé aládàáni. Rẹ́jísítà tí wọ́n fi ń sanwó ṣì ni ti sáà tó kọjá, nítorí náà owó ọgọ́rin ni alásè gbà, ọmọ márùndínlọ́gọ́rùn-ún ló tò. Níbòmíràn, òdìkejì rẹ̀ ni: orúkọ inú rẹ́jísítà pọ̀ ju orí tó jókòó lọ. Èyí tó tún burú ni kí owó pẹ́. Alásè tó ra ọjà láwìn ní Orísunbáre ń rà á lówó tó ga ju ti ẹni tó san lọ́wọ́, 50 náírà ẹ̀ sì ti di 40 kó tó dáná. Ọ̀rọ̀ kíláàsì kárùn-ún tún wà ńbẹ̀: ẹ̀gbọ́n ń wo àbúrò bó ti ń jẹun, àbúrò ń fi ìdajì pamọ́ sínú àpò. Kò sí olùkọ́ tó lè dá a lẹ́kun, kò sì yẹ kó dá a lẹ́kun.

Lọ́dún 2016, ìjọba àpapọ̀ padà wá, wọ́n sì sọ ọ́ di ti gbogbo orílẹ̀-èdè: 70 náírà lórí abọ́ kan, kíláàsì kìíní sí ìkẹta. Nígbà tí Kòrónà ti ilé ìwé pa ní oṣù kẹta ọdún 2020, ìkòkò náà tutù. Lọ́dún 2022 wọ́n sọ owó abọ́ di 100 náírà. Ṣùgbọ́n ẹyin tí kíréètì ẹ̀ bá di 3,000 ti gbé gbogbo ọgọ́rùn-ún náà lọ. Ní oṣù kìíní ọdún 2024, ìjọba àpapọ̀ dá gbogbo ètò ìrànwọ́ ará ìlú rẹ̀ dúró láti yẹ ìwé wọn wò, oúnjẹ ilé ìwé sì wà lára wọn.

Mọ́ṣáláṣí, ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde tó bá fẹ́ dá ilé ìwé kan bọ́ lè fi ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ bẹ̀rẹ̀: kóńgò ìrẹsì mẹ́rin, kíréètì ẹyin mẹ́ta, alásè kan tí owó ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó lọ sọ́jà. Kí wọ́n ka orí ọmọ láàárọ̀ ọjọ́ náà, kí wọ́n má gba ti rẹ́jísítà gbọ́. Kó má bọ́ sí àárín ọ̀sẹ̀, ọjọ́ Ajé ló dára jù, nítorí ọjọ́ náà ni àga tó ṣófo ń pọ̀ jù.