Òṣùpá Ni Ẹ Máa Fi Dí Ojú Oòrùn

Ọ̀pọ̀ ẹni tó bá fẹ́ ṣe ẹ̀rọ wíwo kòrónà, ìmọ́lẹ̀ funfun tó yí oòrùn ká, irin pélébé ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń gé. Wọ́n á fi dí ojú oòrùn nínú awò ọ̀nà jíjìn, wọ́n á wá máa retí kí kòrónà yọ. Kò ní yọ. Kòrónà ò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mílíọ̀nù ìmọ́lẹ̀ oòrùn lọ. Afẹ́fẹ́ ń fọ́n ìmọ́lẹ̀ oòrùn ká, eruku ń fọ́n ọn, lẹ́ǹsì gan-an ń fọ́n ọn, èyí tó fọ́n ká yìí ló ń bo kòrónà mọ́lẹ̀. Bernard Lyot, ọmọ ilẹ̀ Faransé, rí ọgbọ́n dá sí i ní nǹkan bí ọdún 1930, ṣùgbọ́n orí òkè Pic du Midi ló gùn lọ, níbi tí afẹ́fẹ́ ti mọ́, lẹ́ǹsì rẹ̀ ò sì gbọdọ̀ ní àbàwọ́n kankan. Ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ owó kékeré.

Ẹni tí owó ò bá pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, kó dúró de ọjọ́ tí òṣùpá máa bo oòrùn pátápátá. Ìmọ́lẹ̀ ò tíì kan afẹ́fẹ́ wa tí òṣùpá á ti dá a dúró. Kò sí irin tó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ní 2 Oṣù Kẹjọ 2027, òkùnkùn náà máa gba gúúsù Sípéènì kọjá sí àríwá Áfíríkà, á sì ju ìṣẹ́jú mẹ́fà lọ nítòsí Luxor ní Íjíbítì.

Kámẹ́rà àlòkù tí lẹ́ǹsì rẹ̀ ṣeé yọ, lẹ́ǹsì 400 mìlímítà àti ohun ìgbékámẹ́rà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó wúwo ti tó. Ẹ fi 109 pín 400: àwòrán oòrùn nínú kámẹ́rà á fẹ̀ tó mìlímítà 3.7, àyè á sì ṣẹ́ kù fún kòrónà lápá gbogbo. Ẹ má ra lẹ́ǹsì tó gùn jù bẹ́ẹ̀. Oòrùn ń rìn, tí ẹ bá ṣí kámẹ́rà sílẹ̀ fún odindi ìṣẹ́jú àáyá kan, àwòrán á fà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìdá kan nínú 1,000 ìṣẹ́jú àáyá, kẹ́ ẹ má kọjá ìdá kan nínú mẹ́rin ìṣẹ́jú àáyá. Inú kòrónà mọ́lẹ̀ ju etí rẹ̀ lọ gan-an, àwòrán kan ṣoṣo ò lè gba méjèèjì, torí náà ẹ ya ọ̀pọ̀ àwòrán láàárín àkókò méjèèjì yìí.

Ohun tí mo máa ń rọ àwọn èèyàn láti fi kún un ni fílítà polarizer, ìyẹn èyí tó máa ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ tó ń gbọ̀n sí apá kan ṣoṣo kọjá. Àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù, ìyẹn àwọn èérún tíntìntín inú kòrónà, ló ń ta ìmọ́lẹ̀ oòrùn padà sí wa, ìmọ́lẹ̀ náà sì máa ń gbọ̀n sí apá kan ju òmíràn lọ. Ẹ yí fílítà náà sí dígírì 0, 60 àti 120, kẹ́ ẹ ya àwòrán ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìyàtọ̀ àárín wọn lẹ máa fi ṣírò bí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ṣe pọ̀ tó níbẹ̀. Láìsí fílítà yìí, fọ́tò tó rẹwà nìkan lẹ máa mú lọ sílé.

Ẹ pa ìfojúsùn aládàáṣe kámẹ́rà, ẹ fi ọwọ́ tò ó sí etí oòrùn, kẹ́ ẹ fi téépù lẹ̀ ẹ́ pa. Iwájú lẹ́ǹsì ni fílítà oòrùn, èyí tó ń dín ìmọ́lẹ̀ oòrùn kù, máa wà. Ẹ fi páálí ṣe ìdérí rẹ̀, kó lè ṣí wẹ́rẹ́ láìmi kámẹ́rà. Ìgbà tí òṣùpá bá bò ó tán pátápátá nìkan lẹ máa ṣí i. Bí ẹ bá rí ìmọ́lẹ̀ kínkín tó yọ létí òṣùpá, ẹ dé e padà lójú ẹsẹ̀.