Títẹ̀ mẹ́ta kọ́ ló ń lé èèyàn kúrò lórí ìkànnì

Bí ẹ bá gbé iṣẹ́ ìkànnì fún ẹnikẹ́ni, kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi gbọ́ ọ: “Ohun yòówù kí èèyàn wá débí, kó má tẹ líǹkì ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ kó tó rí i. Bó bá ti di ẹ̀ẹ̀kẹrin, ó ti bá tirẹ̀ lọ.” Àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ń sọ ọ́, àwọn tó ń kọ́ni níṣẹ́ ń sọ ọ́, àwọn kan tilẹ̀ ń kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn bí ẹni pé ẹnì kan ti wọ̀n ọ́n rí. Wọ́n wọ̀n ọ́n lóòótọ́, àmọ́ wọn ò bá a bẹ́ẹ̀.

Lọ́dún 2003, Joshua Porter ní ilé-iṣẹ́ User Interface Engineering ní Amẹ́ríkà yẹ àbọ̀ ìdánwò wò: èèyàn 44, iṣẹ́ 620 tí wọ́n ní kí wọ́n ṣe lórí ìkànnì, títẹ̀ tó lé ní 8,000. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn tó juwọ́ sílẹ̀ ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jù. Rárá o. Kò sí pé lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kẹta ni wọ́n ń dà gììrì jáde. Àwọn kan tẹ̀ ẹ́ títí ó fi tó ìgbà 25, wọ́n ṣì ń wá a. Iye títẹ̀ kò sì sọ bóyá inú ẹni yóò dùn tàbí kò ní dùn.

Kì í ṣe pé òfin yìí ṣàdédé yọ o. Nígbà tí wáyà tẹlifóònù ni íntánẹ́ẹ̀tì ń gbà wọlé, módẹ́ẹ̀mù, ẹ̀rọ tó ń so kọ̀ǹpútà mọ́ wáyà náà, èyí tó yá jù nínú wọn kò kọjá kílóbíìtì 56 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹ ṣírò rẹ̀ (báìtì kan jẹ́ bíìtì mẹ́jọ): ojú-ewé tó jẹ́ kílóbáìtì 100 á gbà tó ìṣẹ́jú-àáyá 14 kó tó jáde tán, ìyẹn bí wáyà náà bá mọ́. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta ti jókòó wo ojú-ewé funfun fún ogójì ìṣẹ́jú-àáyá ó lé. Ìdúró ló ń dun èèyàn nígbà náà. Títẹ̀ ló kàn rọrùn láti kà.

Kí ló wá ń mú èèyàn máa lọ, kí ló sì ń mú un padà? Peter Pirolli àti Stuart Card, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní Xerox PARC, ibùdó ìwádìí kan ní Kalifóníà, dáhùn rẹ̀ láàárín àwọn ọdún 1990. Wọ́n ní bí ẹranko ṣe ń wá oúnjẹ nínú igbó ni èèyàn ṣe ń wá ọ̀rọ̀: òórùn ló ń tẹ̀ lé. Èyí á tètè yé ẹni tó bá mọ ajá ọdẹ. Ajá kì í ka ẹsẹ̀. Bí òórùn ẹran bá ń le sí i, á máa lọ, ì báà jẹ́ dé odò kejì. Bí òórùn bá pòórá, á dúró, á yí po, á padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Líǹkì kọ̀ọ̀kan náà ló ní òórùn tirẹ̀: ọ̀rọ̀ tí ẹ fi kọ ọ́, àwòrán tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àti àwọn líǹkì tó yí i ká.

Ẹ jẹ́ ká fi transcript, ìwé èsì ìdánwò láti ọdún àkọ́kọ́ dé òpin, ṣe àpẹẹrẹ, nítorí ó ti gba omi lójú ọ̀pọ̀ èèyàn. Ká ní ẹnì kan kàwé jáde ní yunifásítì kan ní Nàìjíríà, ó ti wà ní Lọ́ńdọ̀nù báyìí, ilé-ẹ̀kọ́ tó fẹ́ wọ̀ níbẹ̀ sì ń béèrè transcript rẹ̀. Ó ṣí ìkànnì yunifásítì náà lórí fóònù. Ó rí “About”, “Academics”, “Administration”, “Services”, “Resources”. Èwo ni transcript wà nínú ẹ̀? Bó bá ti yọ “About” kúrò, èyíkéyìí nínú mẹ́rin tó kù ni ó lè jẹ́. Ó tẹ “Academics”: orúkọ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ló kún ibẹ̀. Ó padà. Ó tẹ “Services”: ilé ìwòsàn, ilé ìkàwé, bọ́ọ̀sì. Ó padà. Inú “Administration” ni transcript wà, lábẹ́ “Registry”, lábẹ́ “Exams and Records”. Títẹ̀ mẹ́ta géérégé láti ojú-ewé àkọ́kọ́! Òfin pé. Ẹni náà sì ti ń pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan nílé pé kó bá òun fẹsẹ̀ rìn débẹ̀.

Ẹ wá tún un tò. Ojú-ewé àkọ́kọ́ ní “Mo ti kàwé jáde níbí”. Ó tẹ̀ ẹ́, ó rí “Gba transcript”. Ó tẹ̀ ẹ́, wọ́n bi í bóyá Nàìjíríà ló ń lọ tàbí òkè òkun. Ó mú òkè òkun, wọ́n bi í bóyá orí ìwé ni wọ́n fẹ́ ẹ tàbí nínú íméèlì. Ó mú íméèlì, iye owó àti iye ọjọ́ yọ sí i. Ó ti di mẹ́rin. Òfin ti bà jẹ́, ṣùgbọ́n kò síbi tó ti dúró họrí.

Àìsàn “Registry” ni pé orúkọ ọ́fíìsì ni. Àwọn tó ń jókòó níbẹ̀ mọ̀ ọ́n dunjú. Ẹni tó ń wá transcript kò mọ ọ́fíìsì tó ń tẹ òǹtẹ̀ lù ú, kò sì yẹ kó mọ̀. Bí ìkànnì bá ti jẹ́ àwòrán bí wọ́n ṣe pín ọ́fíìsì nínú ilé-iṣẹ́, irú èyí ni yóò máa bí.

Ìṣirò kékeré kan wà tó ń fi ibi tí ìṣòro wà hàn. Ká ní ìpele mẹ́ta ni ìkànnì yín, tí mẹ́sàn-án nínú èèyàn mẹ́wàá sì ń yan ibi tó tọ́ ní ìpele kọ̀ọ̀kan. Mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá dára létí, àbí? Nínú ọgọ́rùn-ún tó wọlé, bíi 73 ló máa dé ibi tí wọ́n ń lọ láìṣìnà. Ẹ wá mú ìpele márùn-ún tí ọ̀rọ̀ ibẹ̀ mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí 98 nínú ọgọ́rùn-ún fi ń yan ibi tó tọ́ nígbà kọ̀ọ̀kan: 90 ló máa dé. Bí ẹ bá sì sọ mẹ́sàn-án yẹn di méje, nínú ìpele mẹ́ta náà, 34 péré ni.

Ìṣirò yìí kan náà ló fi hàn pé ìpele kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ oríta tuntun tí èèyàn lè ti ṣìnà, nítorí náà kò sẹ́ni tó ní kí ẹ gbẹ́ ìpele jìn bíi kànga. Lọ́dún 1998, Kevin Larson àti Mary Czerwinski ní Microsoft to ohun 512 kan náà sí ọ̀nà mẹ́ta: ìpele mẹ́ta, 8 lókè, 8 lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, 8 mìíràn lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan ìyẹn; ìpele méjì, 16 lókè, 32 lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan; àti ìpele méjì mìíràn, 32 lókè, 16 lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tó ní ìpele mẹ́ta, tó bá òfin mu rẹ́gí, tí kò sì kó nǹkan jọ sójú kan, òun ló falẹ̀ jù. Èyí tó ní 16 lókè ló yá jù. Ẹ kíyè sí i pé títẹ̀ méjì méjì ni àwọn méjì yòókù, síbẹ̀ wọn ò dọ́gba.

Òfin kan tún wà tó jẹ́ àbúrò èyí, tó ní mẹ́nù, ìyẹn àtòjọ líǹkì tí èèyàn ń yàn nínú rẹ̀, kò gbọ́dọ̀ ju ohun méje lọ. Ohun tí George Miller, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, kọ lọ́dún 1956 ni wọ́n máa ń gbé lẹ́yìn. Ohun tí èèyàn lè dì mọ́rí fúngbà díẹ̀ láìwò ó ni Miller ń sọ. Mẹ́nù wà níwájú ẹni. Ta ló ní kẹ́nikẹ́ni há a sórí?

Ibi tí òfin títẹ̀ mẹ́ta ti ń ṣe jàǹbá jù ni ìkànnì ńlá. Ẹni tó ní ojú-ewé 600 lọ́wọ́, tí wọ́n sì fi òfin dè é, á kó líǹkì sójú-ewé àkọ́kọ́ bí ẹrù ẹ̀yìn mólúè. Mẹ́nù á gùn débi pé lórí fóònù, ìka á máa fà á títí, ẹni tó ń fà á á ti gbàgbé ohun tó rí lókè. Tàbí kó lẹ fọ́ọ̀mù mẹ́fà pọ̀ di ojú-ewé kan ṣoṣo, kí títẹ̀ lè dín. Ìkànnì ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, GOV.UK, ṣe òdìkejì èyí: ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ń bi èèyàn ní ojú-ewé kan, lẹ́yìn náà “Continue”. Títẹ̀ pọ̀ sí i. Àmọ́ bí ẹ bá kọ ọjọ́ ìbí yín lódì, ojú ẹsẹ̀ ni ẹ ó mọ̀, kì í ṣe lẹ́yìn ìbéèrè ogójì. Ìbéèrè tí kò sì kàn yín, wọ́n lè fò ó.

Ibì kan wà tí kíka títẹ̀ ti bójú mu. Ẹni tó ń tẹ orúkọ oníbàárà 200 sínú kọ̀ǹpútà lójúmọ́, títẹ̀ kan tí ẹ bá yọ fún un jẹ́ 200 lóòjọ́. USSD náà ńkọ́, iṣẹ́ tí èèyàn ń fi nọ́ńbà oníràwọ̀ àti háàṣì pè lórí fóònù? Ojú kan rẹ̀ kò gbà ju lẹ́tà 182 lọ, bí èèyàn bá sì pẹ́ díẹ̀, ó já nìyẹn, ó di àtúnbẹ̀rẹ̀. Níbẹ̀, ìpele kẹfà lè dá gbogbo iṣẹ́ nù. Ní ti dátà, ìwọ̀n ojú-ewé ni kí ẹ kọjú sí: ojú-ewé márùn-ún tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ mẹ́gábáìtì 4 gba 20 lọ́wọ́ èèyàn, bí ẹ bá sọ ọ́ di kílóbáìtì 300, márààrún kò tó mẹ́gábáìtì 2. Àwòrán ńlá tí wọ́n gbé kọ́ ojú-ewé àkọ́kọ́ ló sábà ń jẹ owó náà.

Láti mọ ibi tí òórùn ti já, páálí pélébé àti bírò tó. Ẹ kọ nǹkan bí 40 tó wà lórí ìkànnì sórí páálí, ọ̀kan sí ọ̀kan. Ẹ kọ ohun náà fúnra rẹ̀ (“iye owó transcript”), ẹ má kọ orúkọ mẹ́nù. Ẹ wá pe èèyàn 15 tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ yín, kí kálukú to páálí jọ bó ṣe rí lójú rẹ̀, kó sì fún ìdì kọ̀ọ̀kan lórúkọ. Àwọn orúkọ tí wọ́n bá sọ, ẹ kọ wọ́n sílẹ̀ bó ṣe jáde lẹ́nu wọn. Bí ìkànnì yín bá ní àpótí ìṣàwárí, ẹ ka ohun tí àwọn èèyàn tẹ̀ sínú rẹ̀ lóṣù tó kọjá. Ọ̀rọ̀ tí mẹ́nù yín kò ní ló máa ń kún ibẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ to orúkọ mẹ́nù nìkan, láìsí àwọ̀, láìsí àwòrán, kí ẹ sì gbé iṣẹ́ mẹ́jọ sí mẹ́wàá lé àwọn ẹlòmíràn lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ tó wà nínú mẹ́nù ò gbọ́dọ̀ sí nínú ìbéèrè, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ ti já ìdáhùn fún wọn. Ẹ sọ pé: “Ilé-ẹ̀kọ́ kan lókè òkun fẹ́ rí èsì ìdánwò yín láti ọdún àkọ́kọ́ dé òpin.” Ẹ kọ ibi tí wọ́n kọ́kọ́ lọ, bóyá wọ́n padà, àti ibi tí wọ́n parí sí. Àkọ́kọ́ ló ṣe pàtàkì jù. Nínú ìdánwò Bob Bailey àti Cari Wolfson, tí wọ́n ń ṣèwádìí bí èèyàn ṣe ń lo ìkànnì, 87 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí títẹ̀ wọn àkọ́kọ́ tọ̀nà ló ṣàṣeyọrí. Nínú àwọn tí tiwọn ṣì, 46 ni.

Bí gbogbo wọn bá jọ lọ síbi kan náà tí kò tọ́, wọn ò ṣì. Ẹ gbé ohun náà lọ síbẹ̀. Bí wọ́n bá pín sí méjì, ọ̀nà kan ò wọjà, ẹ fi líǹkì sí méjèèjì. Bí wọ́n bá fọ́n ká, orúkọ ni kò dáa, ẹ padà sídìí páálí.

Nínú ìwé àdéhùn, ẹ pa “títẹ̀ mẹ́ta” rẹ́. Ẹ kọ iṣẹ́ mẹ́wàá tí àwọn èèyàn ń wá ṣe jù, kí ẹ sì kọ pé nínú èèyàn mẹ́wàá tí kò rí ìkànnì náà rí, mẹ́jọ gbọ́dọ̀ parí ọ̀kọ̀ọ̀kan láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, lórí fóònù olówó pọ́ọ́kú. Bó bá jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n ń sanwó nínú rẹ̀, ẹ sọ ọ́ di mẹ́sàn-án.