Ṣé dandan ni ká febi sùn kí wọ́n tó yẹ ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ wò?

Ní Kàbà, Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ̀, tọmọdé tàgbà ló gbà pé ẹni tó bá ti fi oúnjẹ kan ẹnu láàárọ̀ ti ba àyẹ̀wò kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù, ìyẹn ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, jẹ́. Àwọn kan tilẹ̀ ní omi lásán náà ń bà á jẹ́. Ìgbàgbọ́ yìí ń pa wá lára. Màmá àgbà á gun ọ̀kadà láti Bùnú wá sí Kàbà, á ti jẹ ẹ̀kọ àti àkàrà kó tó kúrò nílé, wọ́n á ní kó padà wá lọ́jọ́ mìíràn láìjẹun. Owó ọkọ̀ ti lọ, iṣẹ́ oko ń dúró dè é, kò sì síbi tó ń dùn ún lára. Irú wọn tí kì í padà wá mọ́ pọ̀. Bẹ́ẹ̀ kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù tó pọ̀ jù kì í fọ́ni lórí, kì í mú ara gbóná. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló ń tú àṣírí rẹ̀.

Kí wá ni oúnjẹ àárọ̀ ń ṣe sí ẹ̀jẹ̀ gan-an? Ẹ̀dọ̀ àti ara wa fúnra wọn ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù wa. Èyí tí wọ́n ń pè ní LDL, tó máa ń di ìdọ̀tí sára iṣan ẹ̀jẹ̀, máa ń rìn kiri fún bí ọjọ́ méjì sí mẹ́ta kó tó kúrò. Iyán ẹ̀ẹ̀kan ò lè sọ ọ́ di nǹkan mìíràn lójú ẹsẹ̀. Ọ̀rá tí oúnjẹ ń gbé sókè ni triglyceride, òun náà kì í sì í gòkè púpọ̀: láàárín wákàtí kan sí mẹ́fà lẹ́yìn oúnjẹ tí èèyàn máa ń jẹ, nǹkan bí 0.3 mmol/L (òṣùwọ̀n tí láàbù fi ń wọn ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀) ló ń fi lé, tí LDL sì ń fi bí 0.2 dín. Lọ́dún 2016, àwọn àjọ onímọ̀ ọ̀rá ẹ̀jẹ̀ àti onímọ̀ láàbù ní Yúróòpù gbé e yẹ̀ wò, wọ́n sì sọ ọ́ gbangba pé kò yẹ ká máa febi pa gbogbo ẹni tó bá wá ṣe àyẹ̀wò yìí. Denmark ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀ láti 2009.

Àṣà àìjẹun ọ̀hún ní orísun o. Ní 1972, Friedewald àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà gbé ìṣirò kan jáde tí láàbù lè fi mọ LDL láìlo ẹ̀rọ olówó gọbọi. Wọ́n á mú àpapọ̀ kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù, wọ́n á yọ HDL, èyí tí wọ́n ń pè ní kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù tó dára, nínú rẹ̀, wọ́n á wá fi 2.2 pín triglyceride, wọ́n á yọ ìyẹn náà. Torí pé triglyceride tí oúnjẹ ń gbé sókè wà nínú ìṣirò yìí ni wọ́n ṣe ń ní ká má jẹun. Ọ̀pọ̀ láàbù ṣì ń lò ó. Àmọ́ bí triglyceride bá kọjá 4.5 mmol/L, ìṣirò náà ò ṣe é gbára lé mọ́. Nígbà míì, ojú lásán ń rí i. Bí ẹ̀rọ bá ti yí ìgò ẹ̀jẹ̀ tán, tí èyí tó pupa ti sọ̀ sísàlẹ̀, omi tó kù lókè, tó yẹ kó mọ́ gaara kó sì pọ́n bí ìyeyè, á funfun báláú bí omi ògì. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní láti padà wá láìjẹun fún wákàtí mẹ́jọ sí méjìlá, àlàyé sì wà fún un.

Bákan náà, bí fọ́ọ̀mù yín bá ní àyẹ̀wò ṣúgà tí wọ́n ń ṣe kéèyàn tó jẹun, ẹ má jẹun. Ẹ mu omi ní tiyín. Ó ń jẹ́ kí iṣan yọ dáadáa fún abẹ́rẹ́.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ti àwọn àgbà tó ní àtọ̀gbẹ. Wọ́n á lo oògùn ṣúgà láàárọ̀, wọn ò ní jẹun nítorí àyẹ̀wò, wọ́n á jókòó ti ìlà títí oòrùn á fi mú. Ṣúgà ara wọn á já wálẹ̀, òógùn á bò wọ́n, ọwọ́ á máa gbọ̀n, ẹlòmíì á dákú. Ẹ jọ̀ọ́, bí dókítà bá ní kí bàbá tàbí ìyá yín wá láìjẹun, ẹ kọ́kọ́ bi í bí wọ́n ṣe máa ṣe oògùn àárọ̀ ọjọ́ yẹn.

Àwọn míì tún wà tí wọ́n á sá fún epo pupa àti ẹran ìgbẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta kí èsì lè dára. Ta ni wọ́n ń tàn jẹ? Ẹ̀jẹ̀ tí ẹ ń gbé kiri lójoojúmọ́ ni dókítà fẹ́ rí. Ẹ jẹ ohun tí ẹ máa ń jẹ.

Nítorí náà, bí ẹ bá dé láàbù tí ẹ ti jẹun, ẹ má kàn ṣẹ́rí padà. Ẹ sọ aago tí ẹ jẹun fún wọn, kí wọ́n kọ ọ́ sórí fọ́ọ̀mù, kí ẹ sì bi wọ́n bóyá dókítà ló dìídì ní kí ẹ wá láìjẹun. Bí kò bá sọ bẹ́ẹ̀, ẹ ní kí wọ́n bá yín pè é kí wọ́n tó lé yín padà. Bí èsì bá jáde tí triglyceride ga jù, ìgbà yẹn ni ẹ ó tó padà wá láìjẹun.