Bí bitter pit ṣe ń ba ápù jẹ́, àti bí àgbẹ̀ ṣe ń mọ̀ kó tó dé

Ápù kan lè kúrò lórí igi ní oṣù Kẹsàn-án, kó pupa, kó máa dán, kó má ní àbàwọ́n kankan. Wọ́n á kó o sínú yàrá òtútù. Kó tó di ìparí oṣù Kọkànlá, àmì kéékèèké tó dúdú tó sì rì sínú á ti yọ lára rẹ̀, pàápàá ní ìdí èso, ní òdìkejì ibi tí igi ti mú un dání. Ẹni tó bá bó èèpo rẹ̀ á rí i pé abẹ́ àmì náà ti ṣú, ó ti gbẹ, ó sì máa ń korò lẹ́nu. Kòkòrò kọ́ ló jẹ ẹ́, èbu kọ́ ló mú un. Bitter pit ni àwọn tó ń ṣòwò ápù ń pè é, àìtó kálíṣíọ̀mù nínú èso ló sì wà nídìí rẹ̀.

Ibi tó ta kókó ni pé ilẹ̀ oko náà lè kún fún kálíṣíọ̀mù. Ìpínlẹ̀ Washington ní Amẹ́ríkà ni èyí tó ju ìdajì ápù orílẹ̀-èdè náà lọ ti ń wá, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ilẹ̀ oko ibẹ̀ ò ṣaláìní kálíṣíọ̀mù rárá. Ọ̀nà tó ń gbà rin inú igi ni ìṣòro wà. Inú iṣan tó ń gbé omi gòkè láti gbòǹgbò ló ti ń rìn. Iṣan kejì, èyí tó ń gbé ṣúgà láti ewé lọ sínú èso, kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e. Ewé ló sì ń fa omi jù, nítorí pé òun ló ń tú u sáfẹ́fẹ́ látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Kálíṣíọ̀mù tó bá ti wọ ewé mọ àlọ, kò mọ àbọ̀. Èso kì í tú omi jáde tó bẹ́ẹ̀, ìwọ̀nba díẹ̀ ló sì ń kàn án.

Ọ̀sẹ̀ bíi mẹ́rin sí mẹ́fà àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí igi bá yọ òdòdó ni èso ń rí èyí tó pọ̀ jù gbà. Bó ṣe ń wú lẹ́yìn náà, iṣan omi inú rẹ̀ á máa já díẹ̀díẹ̀. Ṣúgà àti pòtásíọ̀mù á ṣì máa gba iṣan kejì wọlé, èso á máa tóbi, kálíṣíọ̀mù tó ti kó jọ á wá tẹ́ẹ́rẹ́ sí i nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, òun ló ń mú kí ògiri sẹ́ẹ̀lì le, òun ni kì í jẹ́ kí awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó yí sẹ́ẹ̀lì ká jò. Níbi tí kò bá ti tó, awọ á jò, sẹ́ẹ̀lì á kú, ojú ibẹ̀ á sì dúdú. Àwọn tó ń gbin tòmátò mọ ìbátan àrùn yìí dáadáa: ìdí tòmátò tó ń dúdú tó sì ń rà lórí igi nígbà tí omi ò bá lọ déédéé.

Ohunkóhun tó bá mú kí igi máa ta ewé ju kó máa tọ́ èso lọ ń pe àrùn náà. Igi tó ṣì kéré lọ́jọ́ orí, àṣejù ajílẹ̀ náítírójìn, gígé ẹ̀ka ní àgékù nígbà òtútù, gbogbo wọn wà níbẹ̀. Ọdún tí igi bá so díẹ̀ tún burú ju gbogbo rẹ̀ lọ, nítorí èso díẹ̀ á tóbi rẹpẹtẹ. Ìdí nìyí tí Honeycrisp fi ń da àgbẹ̀ láàmú. Yunifásítì Minnesota ló mú ápù yìí jáde ní 1991, ó ń rún lẹ́nu, ó lómi, owó rẹ̀ sì ga lọ́jà. Ṣùgbọ́n tó bá so wọ̀ǹtìwọnti lọ́dún yìí, ó lè fẹ́rẹ̀ẹ́ má so lọ́dún tó ń bọ̀, bitter pit sì wọ́pọ̀ lára rẹ̀. Braeburn náà ò bọ́ níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni Cox's Orange Pippin ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Nígbà tó jẹ́ pé àmì kì í sábà yọ títí ápù á fi wọ yàrá òtútù, àgbẹ̀ ní láti mọ oko tó yẹ kó tètè tà àti èyí tó lè fi pamọ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ ìkórè. Ọ̀nà tó ti pẹ́ jù ni láti gbé èso lọ sí yàrá àyẹ̀wò kí wọ́n wọn kálíṣíọ̀mù inú rẹ̀. Fún Cox tí wọ́n fẹ́ kó pẹ́ nílé, àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń wá nǹkan bíi mílígíráàmù 5 nínú gíráàmù 100 èso. Ṣùgbọ́n kálíṣíọ̀mù nìkan kì í sọ gbogbo ọ̀rọ̀, nítorí pòtásíọ̀mù, magnẹ́síọ̀mù àti náítírójìn tó bá pọ̀ jù ún lọ á tún dá kún ewu. Àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Penn State wá so nǹkan méjì pọ̀ fún Honeycrisp: iye ìgbà tí náítírójìn fi ju kálíṣíọ̀mù lọ nínú èèpo èso, àti bí ẹ̀ka tuntun ṣe gùn tó lórí igi. Ọgbọ́n wà nínú èyí, nítorí ẹ̀ka gígùn ló ń fi hàn pé ewé ti ń gba omi lọ́wọ́ èso.

Ọ̀nà mìíràn ò ná èèyàn ju àpótí lọ. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ìkórè, àgbẹ̀ á já èso káàkiri abala oko kan, á kó o sínú yàrá tí kò ní òtútù, á wá ka iye tó yọ àmì nígbà tí ìkórè bá dé. Ooru ló ń mú kí àrùn tó fara pamọ́ yára jáde. Yunifásítì Cornell ti dán èyí wò pẹ̀lú Honeycrisp, ó sì ṣòro láti rí ohun tó rọrùn jù ú lọ. Àwọn mìíràn ń ri èso sínú omi tí wọ́n po magnẹ́síọ̀mù sí, wọ́n á fa afẹ́fẹ́ jáde kí omi náà lè wọ inú èso. Magnẹ́síọ̀mù á gba ààyè kálíṣíọ̀mù, àmì á sì yọ láàárín ọ̀sẹ̀ bíi méjì. Oko ni gbogbo ọ̀nà wọ̀nyí lè sọ̀rọ̀ lé lórí, wọn ò lè sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí ápù kọ̀ọ̀kan.

Ní ti ìdènà, kálíṣíọ̀mù kiloráìdì ni ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ń fín. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn tí òdòdó bá rẹ̀, wọ́n á sì máa fín in ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì-méjì títí di ìkórè. Ara èso gan-an ni omi náà gbọ́dọ̀ bà, torí èyí tó bá bọ́ sórí ewé ò lè dé inú èso. Ọjọ́ tí ooru bá mú gan-an kọ́ ni wọ́n ń fín in, kó má baà jó ewé. Síbẹ̀, fífín nìkan ò lè gba oko tí igi rẹ̀ ti ń ta ẹ̀ka bí ẹni pé kò ní so mọ́. Dídín èso kù níwọ̀ntúnwọ̀nsì, omi tó ń lọ déédéé, ajílẹ̀ tí kò pọ̀ jù àti irú gbòǹgbò tí wọ́n lọ́ ápù mọ́ ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Kòkòrò oyin tó ń gbé àtọ̀ òdòdó kiri pàápàá ń ran iṣẹ́ náà lọ́wọ́: èso tí òdòdó rẹ̀ gba àtọ̀ dáadáa á ní hóró púpọ̀, irú rẹ̀ sì máa ń rí kálíṣíọ̀mù gbà ju èyí tí hóró rẹ̀ kéré lọ.

Yàrá ìkẹ́rù náà ní ìjàngbọ̀n tirẹ̀. Tí wọ́n bá gbé Honeycrisp sínú òtútù líle lójijì, èèpo rẹ̀ lè ṣú bí ìgbà tí omi gbígbóná bá dà sí i lára. Nítorí náà, wọ́n sábà máa ń fi í sí nǹkan bí 10°C fún bí ọ̀sẹ̀ kan, kí wọ́n tó sọ ọ́ kalẹ̀ sí 3°C. Ọ̀sẹ̀ kan yìí gan-an ló máa ń jẹ́ kí bitter pit pọ̀ sí i. Àyẹ̀wò tí wọ́n ti ṣe lóko ló ń pinnu èyí tí wọ́n á kọ́kọ́ bẹ̀rù: oko tí ewu bitter pit rẹ̀ bá ga, wọ́n lè fo ọ̀sẹ̀ náà, kí wọ́n dín ọ́síjìn inú yàrá kù tàbí lo gáàsì 1-MCP tó ń fa pípọ́n èso sẹ́yìn, kí wọ́n sì tà á kó tó pẹ́. Èyí tí àmì bá ti yọ lára rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ṣà á kì í dé orí àtẹ. Ilé iṣẹ́ tó ń fún omi èso ló ń rà á, ní owó tí kò tó nǹkan.