Ìdáàbòbò àyíká àti ẹ̀sìn

Àwọn kan gbà pé ìjà fún àyíká ti di ẹ̀sìn fún àwọn tó ń jà á. Michael Crichton, òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà, sọ ní San Francisco lọ́dún 2003 pé ìtàn inú Bíbélì ni wọ́n ń tún sọ: ayé dára bí ọgbà Édẹ́nì, ẹ̀dá jẹ èso igi ìmọ̀, ìdọ̀tí gba ayé kan, ọjọ́ ìdájọ́ sì ń bọ̀. Àwọn tó ta kò ó ní ohun tó ṣeé wọ̀n làwọn ń sọ. Bí àpẹẹrẹ, Adágún Chad fẹ̀ tó nǹkan bí 25,000 kìlómítà níbùú lóròó ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. Láàárín àwọn ọdún 1980, ó ku nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá.

Ọ̀rọ̀ náà dé ilé ẹjọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lọ́dún 2009, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ gbà pé ìgbàgbọ́ òṣìṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Tim Nicholson nípa àyípadà ojú ọjọ́ lè wà lábẹ́ òfin tó ń dáàbò bo ẹ̀sìn tàbí ìgbàgbọ́ èèyàn lẹ́nu iṣẹ́. Wọn ò sọ pé ẹ̀sìn ni. Ohun tí wọ́n rí ni pé ìgbàgbọ́ náà jinlẹ̀ débi pé ó ń darí bó ṣe ń gbé ayé rẹ̀.

Ohun tí Crichton ò kà sí ni èèwọ̀, Yorùbá tó bá sì ń gbé Àbújá á tètè rí i. Ní Kubwa àti Nyanya, àpò èédú máa ń tò lẹ́bàá títì, ewé gbígbẹ ni wọ́n fi dí ẹnu rẹ̀, wọ́n á fi okùn hun ún pa. Igi tí wọ́n gé ni wọ́n fi sun èédú náà, ṣùgbọ́n kò sí èèwọ̀ níbẹ̀: ìyá tí owó gáàsì ò ká á rà á kó lè gbọ́únjẹ ọmọ, kò sì dẹ́ṣẹ̀ sí ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ní igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, èèwọ̀ ni kéèyàn gégi, kó dẹdò tàbí kó ṣọdẹ. Ìbẹ̀rù òrìṣà wà lára ohun tó pa igbó náà mọ́ kí UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, tó kà á mọ́ ogún àgbáyé lọ́dún 2005. Nílẹ̀ Yorùbá, ẹ̀sìn ló kọ́kọ́ dáàbò bo igbó.

Ìpínlẹ̀ 11 ní Òkè Ọya ló wà nínú iṣẹ́ igi gbígbìn tí Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà dá sílẹ̀ lọ́dún 2007 láti fi dènà aṣálẹ̀. Àwọn igi yẹn ò ní òrìṣà tó ń ṣọ́ wọn. Omi ni wọ́n ń fẹ́, àti ẹni tí kò ní jẹ́ kí ewúrẹ́ jẹ wọ́n.