Kí òkúta ojú ọ̀run tó gba orúkọ

Ní alẹ́ ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1801, àlùfáà kan tó ń jẹ́ Giuseppe Piazzi rí ìmọ́lẹ̀ kékeré kan láti ìlú Palermo ní erékùṣù Sísílì. Nígbà tó tún un wò lálẹ́ ọjọ́ kejì, ó ti ṣí kúrò níbi tó wà. Ìràwọ̀ kì í ṣí bẹ́ẹ̀: ohun tó rí ni àkọ́kọ́ nínú àwọn òkúta ojú ọ̀run (asteroid) tó ń yípo oòrùn. Piazzi sọ ọ́ ní Ceres Ferdinandea. Ceres ni òrìṣà ìkórè àwọn ará Róòmù àtijọ́. Ferdinand ni ọba tó wà lórí ìtẹ́ ní Sísílì. Àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ ilẹ̀ mìíràn gba òrìṣà, wọ́n fi ọba sílẹ̀.

Orúkọ ti wà, àmọ́ ohun tó ń jẹ́ ẹ ti sọnù. Ceres ti wọnú ìtànṣán oòrùn, Piazzi kò sì tíì wò ó pẹ́ tó kí èèyàn lè mọ ibi tí yóò gbà yọ. Gauss, ọmọ Jámánì ẹni ọdún 24, ló jókòó ti ìṣirò, ìṣirò yẹn ni wọ́n sì fi rí i padà lọ́jọ́ tó kẹ́yìn ọdún náà.

Pallas, Juno àti Vesta tẹ̀ lé e, òrìṣà obìnrin ni gbogbo wọn. Nígbà tí wọ́n pọ̀ sí i, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún wọn ní nọ́ńbà. Lọ́dún 1850, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan, Hind, sọ nọ́ńbà 12 ní Victoria. Ariwo ta: ayaba tó wà láàyè kọ́ nìyẹn? Hind ní òrìṣà ìṣẹ́gun ni òun ń sọ. Kò pẹ́ tí ilẹ̀kùn fi ṣí pátápátá: nọ́ńbà 20, Massalia, jẹ́ orúkọ ìlú Marseille, Eugenia sì jẹ́ orúkọ ayaba ilẹ̀ Faransé, kò sí pé à ń fi òrìṣà bo ojú rẹ̀.

Lọ́dún 1891, Max Wolf, onímọ̀ ìràwọ̀ kan ní Heidelberg ní Jámánì, bẹ̀rẹ̀ sí í fi fọ́tò wá wọn. Iṣẹ́ yá, àṣìṣe náà sì pọ̀. Nọ́ńbà 330, Adalberta, tó kéde lọ́dún 1892, kì í ṣe òkúta rárá: ìràwọ̀ ló rí nínú fọ́tò. Nǹkan bí 90 ọdún ni orúkọ yẹn fi wà láìní ẹni tó ń jẹ́ ẹ, kí wọ́n tó gbé e fún òkúta mìíràn ní 1982. Albert, nọ́ńbà 719, ní tirẹ̀, wà lóòótọ́, àmọ́ wọ́n rí i ní 1911, ó sọnù, ó di ọdún 2000 kí wọ́n tó tún fojú kàn án.

Ìdí nìyẹn tí orúkọ fi ń kẹ́yìn lóde òní. Ẹ wo 2004 MN4, àmì ìgbà díẹ̀ tí òkúta kan gbà: 2004 ni ọdún tí wọ́n rí i, lẹ́tà àkọ́kọ́ sì ń sọ apá oṣù. Oṣù kọ̀ọ̀kan pín sí méjì: A ni ọjọ́ 15 àkọ́kọ́ oṣù kìíní, B ni ìyókù rẹ̀, wọ́n sì fo I nítorí ó jọ 1. M bọ́ sí ọjọ́ 16 sí 30 oṣù kẹfà. Lẹ́tà kejì àti nọ́ńbà ń sọ ipò rẹ̀ láàárín àwọn tí wọ́n rí lákòókò yẹn: N ni lẹ́tà kẹtàlá, 4 sì ń sọ pé wọ́n ti ka lẹ́tà 25 tán lẹ́ẹ̀mẹrin. Ìkẹtàléláàádọ́fà nìyẹn láàárín ọjọ́ 15 péré.

Ó kù kí ipa ọ̀nà rẹ̀ yípo oòrùn dájú. Ó sábà máa ń gba pé kí wọ́n rí i ní ìgbà mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tí ayé bọ́ sí àárín òun àti oòrùn, èyí tó jẹ́ ọdún mélòó kan. Àwọn tó ń sún mọ́ ayé kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Minor Planet Center ní Cambridge, Massachusetts, ibi tí wọ́n ti ń kó àkọsílẹ̀ àwọn òkúta wọ̀nyí jọ, fún un ní nọ́ńbà. 2004 MN4 di 99942 ní 2005. Lọ́dún yẹn kan náà ló di Apophis, ejò òkùnkùn tó ń bá oòrùn jà nínú ìtàn Íjíbítì.

Ẹni tó rí òkúta ló ní ẹ̀tọ́ láti dábàá orúkọ, fún ọdún mẹ́wàá, ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ onímọ̀ ìràwọ̀ àgbáyé ló sì ń fọwọ́ sí i. Lẹ́tà, àlàfo àti àmì inú rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju 16 lọ. Kó ṣeé pè lẹ́nu, kó má jọ èyí tó ti wà jù. Olóṣèlú tàbí ológun gbọ́dọ̀ ti kú fún 100 ọdún. Orúkọ ọjà kò sí níbẹ̀. Nọ́ńbà 2309, Mr. Spock, orúkọ ológbò ẹni tó rí i ni. Inú bí àwọn kan, ìgbìmọ̀ kò sì fẹ́ orúkọ ẹran ilé mọ́. Kò sí owó tí wọ́n ń gbà, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ ta orúkọ òkúta ojú ọ̀run fún yín, gbájú-ẹ̀ ni.

Ibi tí òkúta ń gbé náà ní òfin tirẹ̀. Àwọn tó tóbi lára àwọn tó ń bá Júpítà rìn lójú ọ̀nà kan náà ń jẹ́ orúkọ jagunjagun inú ìtàn ogun Tírọ́ì: àwọn ará Gíríìsì ṣáájú, àwọn ará Tírọ́ì lẹ́yìn. Àmọ́ wọ́n ti sọ Patroclus, ará Gíríìsì, àti Hektor, ará Tírọ́ì, lórúkọ kí àṣà yẹn tó fìdí múlẹ̀, nítorí náà ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wà ní àgọ́ ọ̀tá bí amí.

Lórí Ceres fúnra rẹ̀, orúkọ òrìṣà oko àti irè oko láti gbogbo ayé ni wọ́n fi sọ àwọn kòtò rẹ̀. Ọ̀kan tó fẹ̀ tó kìlómítà 10 ń jẹ́ Oxo. Àkọsílẹ̀ ní òrìṣà àgbẹ̀ àwọn ọmọ Áfíríkà ní Bràsíl ni, tó ṣẹ̀ wá láti ọ̀dọ̀ Yorùbá. Ẹni tó bá mọ Òrìṣà Oko yóò ti fura. Inú kòtò yẹn ni ọkọ̀ òfuurufú Dawn, tó lọ wo Ceres, ti rí omi dídì ní gbangba.