Casting: ta ló yẹ kó wọ aṣọ akọni?

Ní oṣù keje ọdún 2024, ìròyìn kan jáde láti San Diego ní Amẹ́ríkà. Robert Downey Jr., òṣèré tó ṣe akọni Iron Man láti ọdún 2008 títí Iron Man fi kú nínú fíìmù ọdún 2019, ń padà bọ̀ sọ́dọ̀ Marvel, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe fíìmù akọni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe Iron Man ló fẹ́ ṣe mọ́. Doctor Doom ni wọ́n ní kó ṣe, ọ̀tá alágbára tó máa ń fi irin bojú. Ní ṣọ́ọ̀bù agẹrun tí mo máa ń lọ ní Under G, ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, ọ̀rọ̀ yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ dìjà. Ọmọ yunifásítì LAUTECH kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gẹ ẹ̀gbẹ́ kan orí rẹ̀ dìde lórí àga, ó ní, "Àkítọ̀ ò lè di bọ́ọ̀sì. Láéláé!"

Gbólóhùn yẹn ni mo gbé relé.

Ẹni tó bá dàgbà sí àdúgbò wa mọ ohun tó ń sọ. Àkítọ̀ ni akọni inú fíìmù, ẹni tí kì í kú. Bọ́ọ̀sì ni olórí àwọn ọ̀tá, tí àkítọ̀ máa kọ́kọ́ jẹ ìyà lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó wá borí. Láti kékeré la ti ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀, nígbà tí ogún ọmọ máa ń jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní pálọ̀ ẹnì kan ṣoṣo tó ní fídíò ládùúgbò. Mo fẹ́ràn orúkọ náà, àmọ́ ó ní ibi tó ti ń ṣì wá lọ́nà: ó so ẹni tó ń ṣeré pọ̀ mọ́ ẹ̀dá ìtàn tó ń ṣe. Nígbà tí ọmọ yẹn ní àkítọ̀ ò lè di bọ́ọ̀sì, ṣé Downey ló ń bá wí ni, àbí Iron Man? Méjèèjì ti di ọ̀kan lójú rẹ̀.

Iṣẹ́ tó máa ń so àwọn méjèèjì pọ̀ ni wọ́n ń pè ní casting. Ẹ̀dá ìtàn wà nínú ìwé, kò ní ẹran ara. Òṣèré wà níta, ó ní ojú tirẹ̀, ohùn tirẹ̀, ìrìn tirẹ̀. Casting ni wíwá ẹni tí ẹ̀dá ìtàn náà lè ráyè gbé lára rẹ̀, tí àwa tí à ń wò ó á sì gbà á gbọ́. Kì í ṣe wíwá ẹni tó jọ àwòrán.

Kò yẹ kí èyí ṣòro fún àwa ará agbègbè Ọ̀yọ́. Eégún ilé kan lè pẹ́ ju ẹ̀mí ẹni mẹ́ta lọ. Orúkọ rẹ̀ kò yí padà, oríkì rẹ̀ kò yí padà. Ẹni tó ń gbé e ló ń yí padà. Nígbà tí agboolé bá sì ń wá ẹni tó máa gbé e, ojú kọ́ ni wọ́n ń wò, torí kò sẹ́ni tó máa rí ojú. Ṣé ó lè ru aṣọ tó wúwo nínú oòrùn? Ṣé ó mọ ijó tí ìlù eégún náà ń pè? Ṣé ẹnu rẹ̀ pa mọ́? Adewale Akinnuoye-Agbaje, òṣèré tí àwọn òbí Yorùbá bí sí London, ti gbé irú ẹ̀wù bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì nínú fíìmù akọni: ó ṣe Kurse lọ́dọ̀ Marvel ní 2013, ó sì ṣe Killer Croc lọ́dọ̀ DC, ilé iṣẹ́ tó ń bá Marvel díje, ní 2016. Ohun tí wọ́n ṣe bí awọ ọ̀nì ni wọ́n fi bo gbogbo ojú rẹ̀ nígbà tó ń ṣe Killer Croc. Ohùn àti èjìká ló kù tó lè fi sọ̀rọ̀. Doctor Doom náà sì rèé, irin ló máa wà lójú rẹ̀. Ẹ̀yin tó ń sọ pé a ò ní lè gbàgbé ojú Downey, ẹ rò ó wò.

Ẹnì kan wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ nìyí, òun ni wọ́n ń pè ní casting director. Sarah Finn ló ṣe é fún Iron Man àkọ́kọ́ àti fún ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn fíìmù Marvel tó tẹ̀ lé e. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ á ka ìwé eré, á bi olùdarí léèrè ohun tó ń wá, á wá kọ orúkọ sílẹ̀, orúkọ ńlá àti orúkọ tí a ò gbọ́ rí. Àwọn kan á wá ka ojú ìwé méjì mẹ́ta níwájú rẹ̀. Lóde òní, ọ̀pọ̀ ló ń fi fóònù ká ara wọn nílé, tí wọ́n á fi ránṣẹ́. Audition nìyẹn. Ti fíìmù akọni tún ní ọgbọ́n tirẹ̀: ọ̀rọ̀ tí wọ́n fún òṣèré kà lè má sí nínú fíìmù náà rárá, kí àṣírí ìtàn má baà tú. Àwọn tó bá yege á wá lọ síwájú kámẹ́rà gidi, pẹ̀lú iná, nígbà mìíràn pẹ̀lú aṣọ akọni náà lọ́rùn. Wọ́n sì máa ń mú òṣèré méjì jọ kà, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ wọn bára mu. Mo rò pé apá yìí ni àwa òǹwòran kì í kà sí. À ń jiyàn lórí ẹnì kan ṣoṣo, wọ́n sì ń wá ẹni méjì tí iná máa ràn láàárín wọn.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ ìwé àdéhùn. Òṣèré akọni kì í sábà tọwọ́ bọ̀wé fún fíìmù kan. Ní 2009, Samuel L. Jackson tọwọ́ bọ̀wé fún fíìmù mẹ́sàn-án lọ́dọ̀ Marvel. Nítorí náà wọ́n ní láti ro ó pé, ẹni yìí, ṣé a lè bá a gbé fún ọdún mẹ́wàá?

Àkókò náà ń yan òṣèré. Dougray Scott ni wọ́n mú pé kó ṣe Wolverine, akọni tó ní èékánná irin, nínú X-Men tó jáde ní ọdún 2000. Fíìmù mìíràn tó ń ṣe lọ́wọ́, Mission: Impossible 2, falẹ̀, kò sì lè dé. Bí wọ́n ṣe mú Hugh Jackman láti Ọsirélíà nìyẹn, ẹni tí àwọn òǹwòran Amẹ́ríkà kò mọ̀. Àwọn tó fẹ́ràn ìwé àwòrán náà bínú: Wolverine inú ìwé kúrú, kò ju bí 160 sẹ̀ǹtímítà lọ, Jackman sì tó 188. Òkè ń wo ilẹ̀! Síbẹ̀, ní 2024, èékánná irin yẹn ṣì wà lọ́wọ́ Jackman. Ohun tí Wolverine nílò ju kíkúrú lọ ni ìbínú tí ìbànújẹ́ wà lábẹ́ rẹ̀, Jackman sì ní in.

Ẹni tí wọ́n pariwo lé lórí jù, tí mo bá ronú sẹ́yìn, ni Michael Keaton. Ní 1988 ni wọ́n kéde pé òun ni Batman nínú fíìmù Tim Burton, èyí tó jáde ní 1989. Eré apanilẹ́rìn-ín ni wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́. Ìròyìn sọ pé lẹ́tà tó tó 50,000 ló wọ ilé iṣẹ́ Warner Bros. láti fi takò ó. Ẹ fojú inú wò ó. Kò sí fóònù téèyàn lè tẹ ìbínú sí lórí ibùsùn. Ẹni tó bínú ní láti wá bébà, kọ ọ́, lẹ sítáǹbù mọ́ ọn, kó rìn dé ilé ìfìwéránṣẹ́. Irú ìfẹ́ wo lèèyàn máa ní sí ẹ̀dá ìtàn kan tó fi máa ṣe wàhálà tó bẹ́ẹ̀? Mi ò lè fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń wò yàtọ̀ sí ohun tí Burton ń wò. Wọ́n ń wo àyà àti apá. Burton, tó ti bá Keaton ṣiṣẹ́ rí, ń bi ara rẹ̀ pé: ọkùnrin tó bá síngbọnlẹ̀, kí ló máa fẹ́ fi aṣọ àdán ṣe? Ẹni tí kò tóbi ni yóò nílò aṣọ tó ń dẹ́rù bani. Ojú Keaton ló sì fẹ́, torí ojú àti ẹnu nìkan ni ìbòjú Batman fi sílẹ̀. Nígbà tí fíìmù jáde, àríyànjiyàn náà parí.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún Heath Ledger, tí ọ̀pọ̀ sọ pé ojú rẹ̀ tutù jù fún Joker, ọ̀tá Batman. Ó kú ní oṣù kìíní ọdún 2008, ọmọ ọdún 28, kí fíìmù náà tó jáde. Ní 2009 wọ́n fún un ní Oscar lórí ipa náà, àwọn ẹbí rẹ̀ ló bá a gbà á.

Mi ò sọ pé àwọn olólùfẹ́ kì í gba ibì kankan jàre. Wọ́n ti bá ẹ̀dá ìtàn yẹn gbé láti ìgbà èwe, wọ́n mọ ohun tí olùdarí tó ka ìwé eré lóṣù tó kọjá lè máà mọ̀. Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà ni pé wọ́n ń béèrè bóyá ó jọ ọ́, nígbà tí ìbéèrè gidi jẹ́ pé: kí ni ipa yìí ń béèrè tí kò ṣeé fi aṣọ rà, tí kò ṣeé fi àtíkè kùn? Nick Fury, ọ̀gá àwọn amí nínú ìtàn Marvel, òyìnbó ni nínú ìwé àwòrán láti 1963. Ní 2002, àwọn tó ń yàwòrán ìwé mìíràn fi ojú Samuel L. Jackson ya Fury tuntun. Nígbà tí Jackson fúnra rẹ̀ wá yọ sí wa nínú fíìmù ní 2008, ta ló tún rántí béèrè àwọ̀? Ohun tí Fury nílò ni ẹni tó lè bá àwọn tó lágbára jù ú lọ sọ̀rọ̀ bí ọ̀gá, tí wọ́n á sì dákẹ́.

Ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ìjọ wa kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ yìí kí n tó mọ ọ̀rọ̀ casting. A ń ṣe eré Dáfídì àti Gòláyátì, wọ́n ní kí n yan òṣèré. Kí ni mo tún ń wá? Ọkùnrin kan wà láàárín wa tó ga débi pé ó máa ń tẹrí ba kó tó wọlé. Mo mú un láìjẹ́ kó ka gbólóhùn kan. Ọjọ́ eré pé, ó dúró níwájú ìjọ pẹ̀lú asà àti ọ̀kọ̀, ó la ẹnu, ohùn tó jáde kò dé ìjókòó kẹta. Ìtìjú ló mú un. Gòláyátì tí ẹnì kankan ò bẹ̀rù, Dáfídì wo ló máa di akọni lára rẹ̀? Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀, èmi ni mi ò dán an wò. Ó ṣì ń dùn mí fún un.

Àwọn baba wa nídìí eré mọ èyí dáadáa. Ta ló yẹ kó ṣe Ṣàngó, Aláàfin tí iná ń jáde lẹ́nu rẹ̀? Ọmọ Òṣogbo ni Dúró Ládipọ̀, ilé Áńgílíkà ni wọ́n sì ti tọ́ ọ dàgbà. Tó bá jẹ́ pé ìwé ẹ̀rí ọmọ ìlú ni wọ́n fi ń yan òṣèré, kò bá má dé itòsí adé Ọ̀yọ́. Ní 1963 ó gbé Ọba Kò So jáde, òun fúnra rẹ̀ ni Ṣàngó, Abíọ́dún ìyàwó rẹ̀ ni Ọya. Ní 1964 wọ́n gbé e dé Berlin. Títí di òní, àwọn àgbàlagbà tó wò ó kì í sọ pé Dúró Ládipọ̀ ṣe Ṣàngó. Wọ́n ní àwọn rí Ṣàngó. Àkítọ̀ àti ipa ti di ọ̀kan, bíi ti ọmọ LAUTECH yẹn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ló sọ wọ́n di ọ̀kan.

Pípààrọ̀ òṣèré, èyí tí wọ́n ń pè ní recast, ló le jù nínú gbogbo rẹ̀. Nígbà mìíràn kì í dunni. Edward Norton ló ṣe Hulk ní 2008, Mark Ruffalo gbà á ní 2012, ayé ń lọ. Don Cheadle gba ipa Rhodey, ọ̀rẹ́ Iron Man, lọ́wọ́ Terrence Howard nínú Iron Man kejì ní 2010. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹjọ ọdún 2020, àrùn jẹjẹrẹ pa Chadwick Boseman, ẹni tó ṣe T'Challa, ọba tó ń wọ ìbòjú Black Panther, lọ́mọ ọdún 43. Marvel ní àwọn ò ní fi ẹlòmíràn ṣe T'Challa. Wọ́n jẹ́ kó kú nínú ìtàn, nínú fíìmù ọdún 2022, àbúrò rẹ̀ Shuri sì gba ìbòjú náà. Ọ̀pọ̀ olólùfẹ́ fara mọ́ ọn. Àwọn mìíràn sì bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n wá òṣèré mìíràn, kí T'Challa má bá Boseman lọ.

Ìmọ̀ Ọ̀yọ́ lè là wá lójú níbí. Ní oṣù kẹrin ọdún 2022 Aláàfin Làmídì Adéyẹmí wàjà. Ní 2025 Aláàfin Abímbọ́lá Owóadé gorí ìtẹ́. Oyè kan náà ni, ẹni ọ̀tọ̀ ni, kò sì sẹ́ni tó ní kí ọba tuntun máa jẹ́ Adéyẹmí. Black Panther, oyè ni. Ó lè kọjá sọ́wọ́ Shuri bí oyè ṣe ń kọjá. T'Challa, ènìyàn ni, ó ní baba, ó ní ìyá, ó ní ìtàn. Ẹni tó bá ń béèrè recast ń sọ pé kí ẹlòmíràn wá jẹ́ orúkọ yẹn, kó máa pe ìyá yẹn ní ìyá. Mo gbà pé yóò ṣeé ṣe lọ́jọ́ kan, bí a ṣe ń gbé eégún fún ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n ní 2022, omijé ò tíì gbẹ lójú àwọn tó bá a ṣeré, mo sì gbà pé dídúró tí wọ́n dúró dára.

Òkìkí iṣẹ́ náà ti ń dé ibi tó yẹ. Ní oṣù kejì ọdún 2024, àwọn tó ń fúnni ní Oscar kéde pé casting máa ní àmì ẹ̀yẹ tirẹ̀, bẹ̀rẹ̀ láti orí fíìmù ọdún 2025.

Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù agẹrun lọ́sẹ̀ kejì, mo sì bi wọ́n léèrè: tí wọ́n bá fẹ́ ṣe fíìmù akọni tiwa, Ṣọ̀ún Ògúnlọlá tó pa Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́, tí ìlú yìí fi gba orúkọ, ta ni kí wọ́n mú? Ọ̀kan ní Fẹ́mi Adébáyọ̀, torí ó mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe jagunjagun. Òmíràn ní Lateef Adédiméjì. Agẹrun náà ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọmọ ìlú ni kí wọ́n mú, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ gidi." Bàbá kan tó ń dúró de àga gbé ìwé ìròyìn sílẹ̀. Ó ní Lere Paimo ti ṣe é rí nínú Ògbórí Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́, ọmọ ìlú yìí sì ni.

"Àmọ́ Bàbá," ọmọ LAUTECH náà ní, "tí wọ́n bá fẹ́ tún un ṣe ńkọ́, ta ni kí wọ́n mú?"

Bàbá wo gbogbo wa lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ẹ kọ́kọ́ fún un ní ọrun," ó ní, "ọrun ọdẹ. Kó fà á, ká wo ojú rẹ̀."